Ọmọ ọdún 29 ni mí, n kò sì tíì mọ ohun tí ọkàn mi ń fẹ́

Àdùkẹ́ Lágere (Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ń gbé. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Mò ń gba owó, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé, mò ń ṣe káàdì fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Iṣẹ́ náà kò burú, owó oṣù mi kì í pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti ń mọ́ báyìí, àfi bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé mi láyà.

Ohun tó gbé mi dé ibí ni pé ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, wọ́n ní kí àwa ọ̀dọ́ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ká sọ ohun tí a fẹ́ fi ayé wa ṣe. Ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún mi ní òun fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ti apá òsì ní ọkọ̀ òfuurufú lòun fẹ́ máa wà. Nígbà tó kàn mí, ẹnu mi gbẹ. Mo ní kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Mo sunkún dé ilé.

Kì í ṣe pé n kò gbìyànjú. Mo kọ́ kéèkì fún oṣù mẹ́ta, ó sú mi. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun ojú fún ìyàwó, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ra maṣíìnì ìránṣọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Òfin ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni wọ́n fún mi, mo sì gbà á torí ọdún kejì tí mo jókòó sílé nìyẹn. Bí ẹ bá sì ní kí n sọ òótọ́, n kò mọ̀ bóyá òfin gan-an wù mí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀wù dúdú yẹn ló wù mí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ẹ wá ṣe láyé, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?

Ìránṣẹ́ Olúwa (Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́)

Gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, arábìnrin. Yóò fi hàn ọ́.

Télọ̀ Iléṣà (Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́)

Àdúrà dára o, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò rí i pé inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀ sí i?

Àbúrò, gbọ́ tèmi. Lọ́jọ́ tí bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi nítòsí ọjà Àtàkúnmọ́sà, ẹkún ni mo fi wọlé. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ máa gbá. Odidi ọdún kan, ilẹ̀ ni mò ń gbá, èédú ni mò ń fẹ́ sínú áyọ́ọ̀nù, ọmọ ọ̀gá ni mò ń mú lọ sílé ìwé. Ọdún kejì, bọ́tìnnì àti etí aṣọ. Mo kórìíra òórùn aṣọ tuntun débi pé orí máa ń fọ́ mi.

Ọdún kẹta ni ọ̀gá gbé aṣọ bàbá àgbàlagbà kan fún mi pé kí n gé e. Agbádá ni. Mo gé e, mo rán an, ó gún. Bàbá yẹn wọ̀ ọ́ síwájú dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, kò sọ̀rọ̀ kankan, ó ṣáà ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jí ní aago márùn-ún láìsí pé ẹnikẹ́ni jí mi. Nígbà tí mo gba fríídọ̀mù, ọ̀gá ní kí n dúró ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òun, mo sì dúró ọdún kan sí i torí pé mi ò fẹ́ lọ.

Kì í ṣe ìfẹ́ ló sọ mí di télọ̀. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni ìfẹ́ dé. Oṣù mẹ́ta tí o fi kọ́ kéèkì, kí ni ìwọ ti rí nínú rẹ̀? Àárẹ̀ rẹ̀ nìkan lo tíì jẹ, adùn kò tíì kàn ọ́.

Ọmọ Owá Ọmọ Ẹkùn (Ọjọ́ Ajé, 10:15 alẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ bí wọ́n ṣe ń wá làásìgbò síra wọn lọ́rùn.

Bàbá bàbá mi, òṣómàáló ni. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bóyá aṣọ títà láwìn wu ọkàn rẹ̀. Ó ru aṣọ kúrò ní Iléṣà, ó tà á fún wọn ní ìlú onílùú, nígbà tí ọjọ́ owó pé, ó padà lọ, ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè: òṣó máa ló kí n tó gbowó mi. Òjò ń rọ̀, ó wà lóòṣòó. Owó yẹn ni wọ́n fi rán bàbá mi nílé ìwé, tí èmi náà fi wà lórí ayélujára lónìí tí mò ń tẹ ọ̀rọ̀.

Ẹni tó ń gbowó oṣù ní àsìkò tí gàrí wọ́n báyìí, tó tún ń béèrè ohun tí ọkàn ń fẹ́. Di iṣẹ́ rẹ mú, jàre.

Àjọkẹ́ Onílẹ̀kẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Owá, ẹ kú àárọ̀. Òṣómàáló tí ẹ ń wí yẹn, ṣé ẹ rò pé gbogbo èèyàn ló lè ṣe é ni? Bàbá tó bí ìyá mi náà gbé aṣọ. Ojú a máa tì í láti bèèrè owó. Bó bá dé ilé onígbèsè, wọ́n á gbé iyán fún un, á jẹ, á kí wọn, á sì máa bọ̀ nílé. Ó jẹ gbèsè títí ó fi padà sídìí kòkó, ìdí kòkó ló sì ti rọ́wọ́ mú. Ìlú kan náà, ọdún kan náà, iṣẹ́ kan náà. Ó bá bàbá yín lára mu, kò bá tèmi lára mu. Ohun tí Àdùkẹ́ ń bèèrè gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Àdùkẹ́, èmi náà ní ìkìlọ̀ fún ọ. Láti kékeré ni mo ti ń sin ìlẹ̀kẹ̀. Bí inú bá ń bí mi, tí mo bá sin méjì mẹ́ta, ara mi á wálẹ̀. Ní 2019 mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, mo ní ohun tí ọkàn mi fẹ́ ni mo fẹ́ máa jẹ. Ọjà tà o, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó ọ̀ṣìngín á pè mí ní aago méjìlá òru pé iyùn òun kò pọ́n tó. Ìyá ọkọ á ní owó ti pọ̀ jù. Ìka mi wú. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti sin ìlẹ̀kẹ̀ fún ara mi kẹ́yìn. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Mò ń sin ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi báyìí, lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ti tún dùn.

Torí náà, bí o bá rí ohun tí o fẹ́ràn, má sáré gbé e lọ sọ́jà.

Ọmọ Fájúyì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:48 àárọ̀)

Ẹ kúuṣẹ́ o. Ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá ni mò ń kọ́ ní OAU, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ohun kan tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ní 2018, Paul O'Keefe, Carol Dweck àti Gregory Walton tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi fídíò kan tó dùn-ún wò lórí ihò dúdú tó wà lójú sánmà lọ́hùn-ún han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú wọn ló fẹ́ mọ̀ sí i. Wọ́n wá fún wọn ní àpilẹ̀kọ tó le lórí ohun kan náà. Àwọn tó gbà pé ńṣe ni ìfẹ́ ọkàn ẹni wà níbì kan tó pé pérépéré tó ń retí kí a wá rí òun, ìfẹ́ tiwọn ló já lulẹ̀ jù nígbà tí ìwé le. Àwọn tó gbà pé à ń mú un dàgbà ni kò tètè sú.

Nítorí náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ "ohun tí ọkàn mi ń fẹ́". Wọ́n kàn ń fi tàn wá ni.

Bàbá Tíṣà Ìrẹ̀mọ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ Fájúyì, o kàwé, mo kí ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí o fi parí rẹ̀ kò sí nínú ohun tí o kà. Wọn kò ní kò sí. Wọ́n ní à ń tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ tí a ó tọ́, ṣebí a ó ti kọ́kọ́ bí i ná.

Àdùkẹ́ ọmọ mi, mo ti fi ọdún 33 kọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe dé ìdí rẹ̀. Ní 1968, Yunifásítì Ifẹ̀ ṣí ilé Orí Olókun, kì í ṣe inú ọgbà wọn lọ́hùn-ún, inú ìlú níbí ni. Wọ́n ń ṣe eré níbẹ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń lùlù, wọ́n ń ya àwòrán, àwọn ọmọ ìlú tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn. Ọmọdé ni mí. Àwa ọmọ àdúgbò a máa lọ rọ́ mọ́ ojú fèrèsé. Ẹnì kan nínú wa, oníjó ló ń wò. Òmíràn, ìlù ni. Ọ̀rẹ́ mi kan kì í kúrò nídìí iná tí wọ́n fi ń tànmọ́lẹ̀ sórí ìtàgé. Èmi, ọkùnrin tó ń kọ́ wọn ni mo máa ń wò. Bó ṣe máa dá wọn dúró, tó máa fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ ṣe é, tó máa ní kí wọ́n tún un ṣe. Mo rò pé eré tíátà ló wù mí. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó yé mi pé kò sígbà kan tí mo wo eré yẹn. Ẹni tó ń kọ́ni ni mò ń wò.

Ojú fèrèsé kan náà ni gbogbo wa dúró sí o.

Nítorí náà, n kò ní bi ọ́ pé kí ni o fẹ́ràn. Ìbéèrè yẹn tóbi jù, òun ló mú ẹnu rẹ gbẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ra ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o tó sùn, kọ èyí tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ohun mẹ́ta yìí: ibi tí àkókò ti lọ tí o kò mọ̀, ohun tí o ṣe tí ẹnikẹ́ni kò rán ọ, àti ẹni tí o jowú. Má fi ìkẹta ṣeré. A lè purọ́ fún ara wa lórí ohun tó wù wá, ṣùgbọ́n owú kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹni kó tó jẹ yọ. Má kọ "mo jowú Lágbájá" lásán, kọ ohun pàtó tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí owú náà mú ọ. Ẹ̀wù dúdú lọ́yà tí o dárúkọ yẹn, kọ òun náà sílẹ̀. Kí ni lọ́yà yẹn ń ṣe lójú rẹ? Ṣé ìjà ló ń jà ni, àbí ọ̀rọ̀ ló ń là yé ẹnì kan?

Bí o bá kọ ọ́ tán, padà wá.

Ọmọ Awo Ẹnuwá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:33 alẹ́)

Ifẹ̀ lẹ wà, ẹ wá ń wá ìwádìí òyìnbó kiri. Bí wọ́n bá ti dá Ifá àkọsẹ̀jayé fún un nígbà tó dáyé, ṣebí ì bá ti mọ iṣẹ́ tó yàn láti ọ̀run.

Ìránṣẹ́ Olúwa (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 alẹ́)

Ẹ má gbé ìyẹn wá síbí.

Awo Modákẹ́kẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:52 alẹ́)

Ìránṣẹ́, ẹ fara balẹ̀, n kò bá yín jà. Ọmọ Awo ni mo ń bá wí. Má ba iṣẹ́ bàbá rẹ jẹ́. Àkọsẹ̀jayé kì í sọ fún òbí pé ọmọ yìí yóò di akáúńtáǹtì. Èèwọ̀ ọmọ, ẹbọ tó tọ́ sí i, irú ìwà tó gbé wá, ohun tí kí wọ́n máa ṣọ́ra fún, ìyẹn ni à ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹni náà ṣì máa rin ìrìn rẹ̀.

Àdùkẹ́, ìwọ tí o kì í ṣe onífá, mú un bí àlọ́. Ifá sọ ti ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń lọ yan orí nílé Àjàlá, ẹni tó ń mọ orí ẹ̀dá lọ́run: Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́. Méjì àkọ́kọ́ kò yà síbì kankan. Wọ́n dé ibẹ̀, wọn kò bá Àjàlá, wọ́n mú orí tó tóbi tó ń dán. Orí náà ti sán, wọn kò mọ̀. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà ayé, orí ń ṣí dànù díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ná, ó rúbọ, wọ́n fún un ní iyọ̀ àti owó mú lọ. Iyọ̀ yẹn ló fi kọ́ oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, oníbodè sì bá a dé ilé Àjàlá. Àjàlá kò lọ síbì kan o! Gbèsè ló jẹ, olówó ti wá jókòó tì í, ló bá sá sókè àjà. (Ọmọ Owá, ẹ gbọ́, òṣómàáló ti wà láti ọ̀run.) Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú un wọ ibi tí orí wà, ó fi ọ̀pá irin rẹ̀ dán wọn wò títí wọ́n fi rí èyí tó gbó dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ ni ọ̀pá irin. Gbogbo ohun tí o ti gbìyànjú, kéèkì, ìkunjú, maṣíìnì, èyí tó ń dán lójú ayé ni o ń mú. Ta ló ní kí o mú wọn?

Àdùkẹ́ Lágere (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́)

Awo, ẹ gbá mi mú. Àǹtí mi ló ní kí n kọ́ kéèkì. Ìkunjú, mo rí i lórí Instagram ni. Maṣíìnì, wọ́n ń ta á ní ẹ̀dínwó.

Bàbá Tíṣà, mo ti ra ìwé náà, sà. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ Owá Ọmọ Ẹkùn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́)

Èló ni ìwé náà? Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í náwó.

Àdùkẹ́ Lágere (lẹ́yìn ọjọ́ 16)

Ẹ káàsán o. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹ má bínú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò sí nǹkan kan nínú ìwé náà bí kò ṣe "ó rẹ̀ mí". Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo jowú ọmọ ilé wa kan nítorí pé ó ní jẹnẹrétọ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò wọ̀ ọ́, Bàbá, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́.

Nígbà tí mo ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, mo rí i pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjèèjì, n kò kọ "ó rẹ̀ mí". Mo ń bi ara mi pé kí ló wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn ìyá ọjà máa ń wá sí ọ́fíìsì wá bèèrè ẹ̀yáwó. Iṣẹ́ mi kọ́ ni láti ṣàlàyé fún wọn, kí wọ́n tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣe é láìrò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá aláta kan bi mí pé ṣe bí èlé náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, èlé kan náà ni níbi gbogbo? Mo ní rárá, mà. Mo da ẹ̀wà tí mo fẹ́ lọ sè sórí tábìlì. Mo ní ká ní 100,000 lẹ yá, ẹ ó máa dá 10,000 padà lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá. Ẹlòmíràn á máa ka èlé lórí gbogbo 100,000 náà lóṣooṣù títí ẹ ó fi san tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti dá púpọ̀ padà níbẹ̀: 50,000 ni èlé. Ẹlòmíràn á máa kà á lórí ohun tó bá kù lọ́rùn yín nìkan. Mò ń kó ẹ̀wà kúrò díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Èlé ti ìyẹn, 27,500 ni.

Ìyá náà wo ẹ̀wà yẹn, ó wò ó, ó ní: "Háà. Láti ìgbà tí mo ti ń yáwó." Nígbà tí mo gbé orí sókè, àwọn mẹ́fà ló ti yí tábìlì mi ká, aago mẹ́rin ti kọjá, n kò tíì jẹun ọ̀sán.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé nípa lọ́yà náà rèé, Bàbá: mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbé lọ́yà kan wá sílé wa. Ó ka ìwé tí wọ́n kọ ní èdè òyìnbó, ó wá sọ ọ́ fún ìyá àgbà mi ní Yorùbá. Ara ìyá àgbà rọ̀. Òun ni mo rí tí mo ní mo fẹ́ di lọ́yà.

Bàbá Tíṣà Ìrẹ̀mọ (3:20 ọ̀sán)

Mo ti ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Má fi ọ́fíìsì sílẹ̀ báyìí.

Télọ̀ Iléṣà (3:41 ọ̀sán)

Mo ní oṣù mẹ́ta kò tó, o sì rí i pé ọdún mẹ́rin ni o ti fi ń ṣe é láìmọ̀! Ṣùgbọ́n mo gbà pé mo ṣì í síbì kan. Mo rò pé o kì í fara da nǹkan ni. Má bínú, àbúrò.

Ọmọ Owá Ọmọ Ẹkùn (5:02 ìrọ̀lẹ́)

Mo fi kálíkúlétọ̀ ṣe é. 27,500 ni lóòótọ́. Àwa tí à ń yáni lówó ń gbọ́ o, má là wọ́n lójú jù.

Ẹ̀rín ni o. Ṣùgbọ́n n kò tíì kúrò lórí ohun tí mo sọ: iṣẹ́ tí mo ní kí o dì mú náà ló fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun hàn ọ́.

Àjọkẹ́ Onílẹ̀kẹ̀ (6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ìyẹn bọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n. Àdùkẹ́, o ò ní ṣí ilé iṣẹ́ o! O ò ní tẹ káàdì! Wá ibì kan, lẹ́ẹ̀kan, wò ó bóyá yóò ṣì dùn mọ́ ọ nínú nígbà tó bá jẹ́ pé wọ́n ń retí rẹ. Ìgbà yẹn ni ti ìlẹ̀kẹ̀ mi yí padà. Àti pé, ṣọ́ ẹnu rẹ ní ọ́fíìsì. Bí ọ̀gá rẹ bá jẹ́ ẹni tó ń ka èlé lórí gbogbo owó, ẹ̀wà yẹn lè dá wàhálà sílẹ̀.

Àdùkẹ́ Lágere (lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún)

Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ̀yin ni mo tẹ́tí sí. Ìyá aláta yẹn mú mi lọ bá ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Àwọn mọ́kànlá ni. Mo bẹ̀rù débi pé mo gbàgbé ẹ̀wà sílé, ata rodo wọn ni mo fi ṣírò. Ìyá kan bínú sí mi pé mò ń fi ata òun ṣeré. Òmíràn, oníṣu kan, sùn. Bí mo ṣe ń darí bọ̀, mò ń ro bí n ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa nígbà mìíràn kí oníṣu náà má baà sùn. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àjọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

Ọmọ Owá Ọmọ Ẹkùn (8:14 alẹ́)

Èló ni wọ́n san?

Àdùkẹ́ Lágere (8:16 alẹ́)

Iṣu mẹ́ta àti ata rodo tí mo fi ṣírò. Ata náà pọ̀ jù fún mi, ẹni tó bá wà nítòsí Lágere kó wá gbà níbẹ̀.